Orí Kẹsàn-án: Ọjọ́ Kẹjọ Lẹ́nu Géètì Àwọn Sísítà

Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n ti dó ti ilé àwọn Sísítà ni Olúfúnṣọ́ tó gbà pé ogun ni òun ń wò, pé kì í ṣe ariwo lásán. Ariwo a máa rẹlẹ̀ bó bá yá. Àwọn wọ̀nyí kò rẹlẹ̀. Bí apá kan bá lọ sílé lọ jẹun, apá kejì á ti dé, wọn á ṣí àga pẹlẹbẹ wọn, wọn á bu tíì sí ife, bí afẹ́fẹ́ bá sì tú àsíá aláwọ̀ mẹ́ta wọn, wọn á tún un so mọ́ irin géètì. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó kò gùn: Ireland ti kún.

Ilé náà ga ní àjà mẹ́ta, lẹ́yìn àdúgbò Ballymun. Àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ló ń gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn wọn kú, ẹyẹlé ló jogún ibẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Oṣù tó kọjá ni ìjọba kó ogójì ìdílé tó wá tọrọ ibi ìsádi sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ará àdúgbò, àti àwọn tí àdúgbò náà kò mọ̀ rí, ti yí i ká. Ọlọ́pàá ló ń sin oúnjẹ wọlé. Ènìyàn kò gbọdọ̀ jáde.

Inú ilé yìí ni Ìtẹ́olúwa wà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì lórúkọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó bí i. Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé ìyá àti ọmọ padà, ọlọ́pàá níwájú, ọlọ́pàá lẹ́yìn, ẹyin adìẹ sì ń bọ́ lù gíláàsì ọkọ̀ bí òjò. Ọmọ ilé Olúfúnṣọ́ ni ọmọ náà. Adéjùwọ́n, tó jẹ́ bàbá rẹ̀, ọmọ àbúrò Olúfúnṣọ́ ni. Òkun ló gbé e lọ lójú ọ̀nà, ìyàwó nìkan ló sọ̀ sí èbúté, oyún oṣù mẹ́ta nínú. Olúfúnṣọ́ ìbá ti mú un lọ sílé rẹ̀ ní Blanchardstown, ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ pé bó bá fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tí yóò kan ìwé rẹ̀. Nítorí náà ó dúró. Ilẹ̀ sì ń mọ́, ó ń ṣú, ọjọ́ kẹjọ sì ku ọ̀la.

Ọjọ́ kẹjọ yìí ni ohun tó ń já Olúfúnṣọ́ láyà. Ìtàn kan wà tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún un ní Abẹ́òkúta, kí ó tó gbọ́n tán. Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, ìyá ńlá wọn kan ń sá bọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọ tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ bá wọn lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró. Wọ́n ní bí àwọn bá gúnlẹ̀, àwọn á sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ogun já lù wọ́n, wọ́n sì já ọmọ gbà. Ọdún méje gbáko ni ìyá náà fi wá ọmọ kiri ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú, ṣùgbọ́n kí ni ó fẹ́ bèèrè? Bó bá kígbe pé "ọmọ mi, ọmọ mi," gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ni yóò bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ló ti di èèwọ̀ nílé wọn: oòrùn ọjọ́ kẹjọ kò gbọdọ̀ kanrí lórí ọmọ tí kò lórúkọ. Ohun tí kò lórúkọ, a kì í rí i pè padà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n jókòó ìgbìmọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ilé ìkẹ́rùsí kan tó wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà àti ibi tí wọ́n ti ń gé gíláàsì. Àwọn márùn-ún ni. Pásítọ̀ Ezekiel jókòó sórí àga akọrin. Olúkáyọ̀dé, tó ń kó ẹrù nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń pè ní Balógun Ẹrù nítorí fífẹ̀ èjìká rẹ̀, kò jókòó rárá, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. Màmá Rafiat kì í ṣe ọmọ ìjọ. Mùsùlùmí ni, àárín àwọn ọmọ Yorùbá Ballymun kò sì sí ìkómọ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tẹniọlá, ọmọ Olúfúnṣọ́ obìnrin, ló wa bàbá rẹ̀ wá; ẹni ọdún méjìlélógún ni, a máa gbọ́ Yorùbá kedere, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dáhùn.

Ìtẹ́olúwa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, láti inú fóònù. Wọ́n gbé e sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa jọ ni. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ńlá á wá kó wa lọ́la, agogo méjìlá ọ̀sán. Wọ́n ní ibí ò tún ṣe é gbé mọ́."

"Wọ́n ń kó yín lọ síbo?"

"A bèèrè. Wọ́n ní a ó mọ̀ bí a bá débẹ̀."

Ọmọ náà sín lẹ́ẹ̀mejì nínú fóònù, Màmá Rafiat sì ní, "A à kú, a à rùn," bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí fóònù dákẹ́, Pásítọ̀ tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Ẹ jẹ́ ká sún ìkómọ náà síwájú. Láyé àtijọ́ pàápàá, ọjọ́ kẹsàn-án ni àwọn kan ń sọmọ lórúkọ. Ibi yòówù tí wọ́n bá kó o dé, a ó lọ bá a."

"Ọmọkùnrin ni ti kẹsàn-án, Pásítọ̀," ni Màmá Rafiat wí. "Obìnrin, ọjọ́ keje. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ la fẹ́ tẹ̀ lé, òní gan-an ni, ẹ dìde ká máa lọ."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì wo ilẹ̀.

"Ẹ fún mi lógún ọkùnrin," ni Olúkáyọ̀dé wí. "Ogún péré, Ẹ̀gbọ́n Fúnṣọ́. N ó la ọ̀nà láti ẹnu géètì dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ṣé wọ́n ní egungun méjì ni?"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Olúfúnṣọ́ kò gbójú sókè. "Ọwọ́ rẹ tó nà sókè ni wọ́n ń wá láti ọjọ́ Ajé, Káyọ̀dé. Wọ́n ti ṣí fóònù sílẹ̀ dè é. Ọwọ́ rẹ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi hàn gbogbo ayé, wọn á ní, ẹ ò rí i bí?"

"Kí ló dé tí wọ́n fi ní láti máa ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀yin? Ẹ ti di ọmọ onílẹ̀. Ẹ búra."

"Mo búra." Olúfúnṣọ́ rántí gbọ̀ngàn ńlá ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè lẹ́ẹ̀kan náà, adájọ́ tó ń ka ọ̀rọ̀ náà síwájú kí wọ́n máa kà á tẹ̀ lé e. "Mo ní n ó ṣòótọ́ sí ilẹ̀ yìí, n kò sì tíì yẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí ni pé èmi nìkan ló nawọ́ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ náà kò na tirẹ̀."

"Ó nà án, Daddy." Tẹniọlá ló sọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ahọ́n Blanchardstown. Ojú tì í bí gbogbo wọn ti wò ó, ṣùgbọ́n ó parí rẹ̀. Ó ní ó wà nínú férémù lára ògiri kíláàsì wọn, ìkéde tí àwọn ará ilẹ̀ yìí fi sọ ara wọn dòmìnira ní ọdún 1916, pé àwọn yóò kẹ́ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà bákan náà. Ó ní òun ni tíṣà mú kí ó kà á lọ́jọ́ àjọ̀dún, nítorí ohùn òun ló ga jù.

"Ìwọ ni ọmọ orílẹ̀-èdè," ni Olúkáyọ̀dé dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Wọ́n bí ọ kí wọ́n tó dìbò. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n ti bí ìwọ àti ọmọ yẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọdún kan lẹ́yìn tìrẹ ni wọ́n yí òfin padà, wọ́n ní kí á bí ọmọ sílẹ̀ níbí kò tó mọ́. Ìwọ gba ìwé ìrìnnà, òun gba ẹyin adìẹ."

Òótọ́ ni.

Olúfúnṣọ́ ni ó wá la ète náà kalẹ̀. Mùtàlíbù, ọmọ Ìṣẹ́yìn kan, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ilé náà láti inú. Lẹ́yìn ilé, ọ̀nà tóóró kan gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú àwọn Sísítà kọjá, ó parí sí géètì kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Bó bá di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la, Mùtàlíbù á ṣí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó wọn láti wọlé, kí wọ́n sọmọ lórúkọ, kí wọ́n jáde. Wọn kò ní í rìn pọ̀. Méjì méjì ni, nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, bí ẹni tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Màmá Rafiat fa iyọ̀ yọ nínú báàgì rẹ̀. Pásítọ̀ kò fẹ́ ìbúra, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan wí sí iyọ̀. Ó wà nínú Bíbélì. Olúkúlùkù fi ahọ́n kàn án, wọ́n sì wí tẹ̀ lé obìnrin náà: "Ọwọ́ mi kò ní í gbé sókè. Ẹnu mi kò ní í tú. Títí ọmọ yìí yóò fi jẹ́ orúkọ." Olúkáyọ̀dé ló pẹ́ jù kí ó tó fi ahọ́n kàn án. Olúfúnṣọ́ wò ó títí ó fi ṣe é, nítorí òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á.

"Àjàní," ni Màmá Rafiat fi oríkì pe Olúfúnṣọ́ bí wọ́n ti ń jáde, "Àjàní ọmọ Ìjàyè, ọmọ ajewé-lójú-ogun-má-kú, ọmọ ó-sá-dé-Ẹ̀gbá-ó-sọ-ibẹ̀-dilé. Má ṣe bẹ̀rù."

Orí Olúfúnṣọ́ wú. Ó lọ síbi iṣẹ́.

Bọ́ọ̀sì ló ń wà, ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ nìyẹn. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ní ìdúró kan ní Ballymun, Màmá Nuala wọlé pẹ̀lú àpò ọjà rẹ̀, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, lẹ́yìn awakọ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà yìí, gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ìyá Olúfúnṣọ́ kú, òun ló mú káàdì wá fún un, tí ó tan àbẹ́là fún òkú náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà wọn.

"Ojú rẹ pọ́n, Fúnṣọ́."

"A ní ìkómọ lọ́la, Màmá."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó. Nílé wọn, a kì í fi ìkómọ pamọ́, a kì í sì í yan ẹni tí a ó pè sí i. Ẹni tó bá gbọ́, wọ́n ti pè é. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orúkọ ọmọ pamọ́ fún aládùúgbò, ọmọ náà ni ó ń ṣẹ́. Bí Nuala ti bi í léèrè ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ó sọ ọ́. Ó bi í pé báwo ni wọn yóò ṣe wọlé, ó sọ ìyẹn náà: géètì kékeré, ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú, agogo mẹ́wàá. Ẹ̀tanú kankan kò sí nínú ìbéèrè obìnrin náà. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà yẹn ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ, pé wọ́n máa ń gbá òun ní rúlà.

"Kí ni mo máa mú wá?"

"Ẹsẹ̀ yín nìkan, Màmá. Ẹsẹ̀ yín ti tó."

Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gíláàsì awakọ̀. "Ariwo tí wọ́n ń pa níbẹ̀ yẹn, Fúnṣọ́, kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń sọ o. Ìwọ, you're grand, o dáa. Tiwa ni ọ́."

Ó dúpẹ́. Ó ti kọjá ìdúró méjì kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí gún un nínú bàtà bí òkúta wẹ́wẹ́. Nípa ẹnu tó tú, kò rántí ìyẹn rárá. Iyọ̀ ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Inú òjò ni ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́. Wọ́n gba ojú ọ̀nà ní méjì méjì: Pásítọ̀ àti Tẹniọlá síwájú, Olúfúnṣọ́ àti Màmá Rafiat láàárín, Olúkáyọ̀dé lẹ́yìn, òun nìkan, nínú ẹ̀wù ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó ń tàn yòò. Inú báàgì tó wà lọ́wọ́ Olúfúnṣọ́ ni oyin wà, àti ìgò omi, àti abọ́ funfun kékeré. Orógbó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Iyọ̀ nìkan ni Màmá Rafiat kò fi sínú báàgì. Ó dì í mọ́ ìṣẹ́tí ìborùn rẹ̀, ó ní ìyá òun kì í kó ohun ìkómọ sójú kan náà.

Wọ́n yà sí ọ̀nà tóóró náà nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo mẹ́wàá lù. Ọ̀nà kún.

Ó tó ọgọ́rin ènìyàn. Wọ́n dúró láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì kọjú sí ibi tí àwọn márààrún ń gbà bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan ti dí ojú géètì kékeré. Lókè ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ya wọ́n, ó sì ń sọ fún fóònù náà pé, "Agogo mẹ́wàá gééré. Mo wí fún yín àbí n kò wí?"

Nísàlẹ̀, láàárín ọkọ̀ náà àti ògiri, Màmá Nuala dúró pẹ̀lú báàgì ẹ̀bùn kékeré lọ́wọ́, fìlà òjò lórí rẹ̀. Ó rí Olúfúnṣọ́. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ìwọ ni o ní agogo mẹ́wàá, Fúnṣọ́," ni ó wí, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lókè ọkọ̀. "Mo kàn sọ fún Darragh nílé ni. Ọmọ ọmọ mi. Mo ní kó fi ọkọ̀ gbé mi wá síbi ìkómọ ni."

Gbogbo rẹ̀ yé Olúfúnṣọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí ènìyàn lẹ́yìn. Olúkáyọ̀dé ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olúfúnṣọ́ ìbá fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Ìjà náà kò pẹ́. Ẹnì kan ti Pásítọ̀, Tẹniọlá fà á padà, ẹyin adìẹ fọ́ sójú ọmọbìnrin náà. "Go home," ni ẹnì kan ń ké mọ́ ọn létí, òun tí ilé rẹ̀ kò jìn ju máìlì márùn-ún lọ. Wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ Olúfúnṣọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́fà gba orí rẹ̀ kọjá, ó gbọ́ bí ìgò ti fọ́. Ọkùnrin kan tó sanra wá dúró síwájú Olúkáyọ̀dé. Ó fi ìka gún un láyà, ó tún gún un. Olúkáyọ̀dé kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ìka há ìka. Ọkùnrin náà gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ìka há ìka síbẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, èkejì yìí kò lágbára mọ́, bí ẹni tí ń lu ògiri tí ọwọ́ ti ń dùn. Ọlọ́pàá dé ní ìgbà náà.

Wọ́n dà wọ́n jáde kúrò lọ́nà náà, wọ́n dá wọn dúró ju wákàtí kan lọ láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n sì sin wọ́n yí ilé ká títí dé géètì ńlá. Ibẹ̀ burú ju ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ó lé ní irínwó ènìyàn, ìlù kan tó ń dún láìdáwọ́, àsíá, pátákó, àwọn ìyá pẹ̀lú ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ọlọ́pàá obìnrin kan tó jẹ́ olórí wọn gbọ́ ẹjọ́ wọn dé ìdajì.

"N kò lè ṣí géètì yìí," ni ó wí. "Bí mo bá ṣí i, n kò ní í rí i tì mọ́."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?" Tẹniọlá bi í, ẹyin ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. "Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni."

Ọlọ́pàá náà wo aago. Ó jẹ́ agogo mọ́kànlá ó lé ogójì ìṣẹ́jú. "Ẹ lè sún mọ́ irin. Ẹ̀yin níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, ẹ ó kúrò."

Olúfúnṣọ́ kò lè gbójú sókè wo Olúkáyọ̀dé. "Èmi ni," ni ó wí. "Ẹnu mi ló tú. Kò yẹ kí n sọmọ kankan lórúkọ lónìí."

Olúkáyọ̀dé tu ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe èèyàn wá síbi ìkómọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ máa ṣe é. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti àárọ̀, ẹ jẹ́ n rí nǹkan fi í gbé."

Ìtẹ́olúwa sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Mùtàlíbù na agbòjò bò ó. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà tẹ̀ lé e jáde, àwọn ará Sòmálíà, àwọn ará Georgia, ìyá kan láti Síríà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn, gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí àwọn tó wà níta rí ọmọ náà, ariwo fò sókè. "Out, out, out." Ó ń dún bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó.

Olúfúnṣọ́ di irin géètì mú. Kò sí omi, kò sí oyin, kò sí abọ́. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí òjò títí ó fi kún díẹ̀, ó ti ọwọ́ náà gba àárín irin wọlé, ó sì fi ìka kan ọmọ náà lẹ́nu.

"Omi rèé. A kì í bá omi ṣọ̀tá. Ibi yòówù tí wọ́n bá gbé ọ lọ, wọn ó nílò rẹ."

"Àṣẹ," ni àwọn mẹ́rin wí. Ohùn wọn kéré bí ti kòkòrò.

Màmá Rafiat tú ìṣẹ́tí ìborùn. "Iyọ̀ rèé. Iyọ̀ ni a fi búra nítorí rẹ. Ọ̀kan nínú wa pa á mọ́, ọ̀kan kò pa á mọ́. Kó má ṣe bà ọ́ láyé jẹ́."

"Àṣẹ."

Olúfúnṣọ́ fa orógbó yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. "Orógbó rèé. O ó gbó. O ó tọ́. Oyin rẹ wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé yìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. N kò ní í purọ́ fún ọ lọ́jọ́ orúkọ rẹ. A ó máa wá òmíràn bọ̀."

Orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi í ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta, Adéjùmọ̀kẹ́, ọmọ tí gbogbo wa jọ kẹ́. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó yíjú, ó wo irínwó ènìyàn nínú òjò, ó wo ìlù, ó wo pátákó, ó wo ọmọdé tó wà lọ́rùn bàbá rẹ̀, ó wo Màmá Nuala tí Darragh dì mú lápá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ nílé wọn, kò sí ọmọ tí èrò rẹ̀ tó báyìí.

"Ìlúpéjú," ni ó wí sí etí ọmọ náà. "Ìlúpéjú ni orúkọ rẹ. Ohun tí ojú rí nìyẹn. Adéjùmọ̀kẹ́ ni èkejì. Ìyẹn ni ohun tó kù tí a ó ṣe."

Ìtẹ́olúwa tún un pè. Mùtàlíbù pè é. Ìyá ará Síríà pè é, àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń gbé e láti ẹnu dé ẹnu lọ sókè bí omi tí wọ́n ń gbé lọ pa iná. Olúfúnṣọ́ wá kọjú sí ìta. Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ, ohùn tó fi ń pe orúkọ ìdúró nígbà tí ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì bá kọṣẹ́ ni ó lò.

"Orúkọ rẹ̀ ni Ìlúpéjú. Nílé wa, ẹni tó bá wà níbi ìkómọ, ẹlẹ́rìí ni. Lọ́jọ́ tó bá bi mí pé àwọn ta ló péjú síbi orúkọ òun, ẹ̀yin ni n ó sọ fún un."

Ìlù náà dún lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó dúró. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni Màmá Nuala ti já apá rẹ̀ gbà.

"Granny, dúró síbí."

"Wọ́n pè mí ni," ni obìnrin náà wí.

Ó rìn wá sídìí irin. Fìlà òwú kékeré ló wà nínú báàgì rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó ti inú irin nà án sí Ìtẹ́olúwa. Lẹ́yìn náà ni ó wo Olúfúnṣọ́. "N kò tíì yí ọkàn padà o. Kò yẹ kí wọ́n kó wọn sí ibí láìbi wá léèrè. Ṣùgbọ́n mo ní n ó wá."

"Ẹ ṣé tí ẹ wá, Màmá," ni Olúfúnṣọ́ wí, nítorí òun náà ni wọ́n ti kọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sì mọ èsì mìíràn.

Fèrè bọ́ọ̀sì ńlá náà dún láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìlù tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lé wọn kúrò lẹ́nu géètì. Láti òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n ti ń wo bí wọ́n ti ń kó ogójì ìdílé náà sínú ọkọ̀, àpò ìdọ̀tí dúdú ni ẹrù wọn. Bí bọ́ọ̀sì ti jáde, àwọn tó dótì kígbe ayọ̀, wọ́n dì mọ́ ara wọn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè, àwọn yòókù sì gbè é. Tẹniọlá mọ orin náà látòkè délẹ̀. Ètè rẹ̀ mì, kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lójú fèrèsé kẹrin, Olúfúnṣọ́ rí fìlà aláwọ̀ ewé. Ó pe orúkọ náà. Ó sáré díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, nínú yùnífọ́ọ̀mù awakọ̀ rẹ̀, ó ń pè é, Olúkáyọ̀dé ń pè é lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó wú, títí ọkọ̀ fi yà sí ojú ọ̀nà M50 tí òjò sì bò ó.

Olúfúnṣọ́ tẹ Ìtẹ́olúwa láago. "Ẹ ti débo?"

"N kò mọ̀, Bàbá," ni ó wí. "Mi ò rí nǹkan kan níta."

Ọmọ náà ti lórúkọ. Ibi tí wọ́n ń gbé e lọ ni kò tíì ní.